Mo fín lẹ́tà Ṣáínà sápá, ṣé ìrun mi ti bàjẹ́ ni?

ÌBÉÈRÈ: Sàláámù aleekun Àáfà. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Nígbà tá à ń múra Ojúde Ọba, èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi lọ fín tátù, èmi fín lẹ́tà Ṣáínà kan sápá òsì, wọ́n ní "agbára" ló ń jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní omi àlùwàlá ò lè kan ara mi mọ́, pé asán ni gbogbo ìrun tí mo bá kí. Ó ti di Jímọ̀ mẹ́ta tí mi ò lọ mọ́ṣáláṣí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n bó o ni?

ÌDÁHÙN: Wa aleekumu salaam ọmọ mi. Jímọ̀ mẹ́ta yẹn ló dùn mí ju tátù lọ, torí Ànọ́bì (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) ti sọ pé ẹni tó bá fi Jímọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ tí kò kà á sí, Ọlọ́hun á fi èdìdì di ọkàn ẹ̀. Ìwọ kà á sí, wọ́n ṣì ẹ́ lọ́nà ni, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó di mẹ́rin.

Àlùwàlá ẹ pé. Abẹ́ awọ ni yíǹkì yẹn wà, orí awọ lomi ń ṣàn, kò dà bíi kíútẹ́ẹ̀sì tó bo èékánná. Da omi sápá ẹ kó o wò ó, ṣé ibẹ̀ náà ò tutù ni?

Àmọ́ mi ò ní torí àtitù ẹ́ nínú bo òótọ́ mọ́lẹ̀, hàráámù ni fífín yẹn. Ànọ́bì ní Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé obìnrin tó ń fín ara fáwọn èèyàn àtèyí tó ní kí wọ́n fín òun, ó wà nínú ìwé hàdíìsì Bukhari, ó wà nínú ti Muslim, kẹ́nikẹ́ni má sì sọ fún ẹ pé obìnrin nìkan ló bá wí. Nínú Suratu Nisai, aaya 119, Ṣàìtánì fúnra ẹ̀ ló lérí pé òun á pàṣẹ fọ́mọ aráyé kí wọ́n máa yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Èdè Ṣáínà kọ́ ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ o, Suratu Rum aaya 22 ní àmì Ọlọ́hun ni oríṣiríṣi èdè wa. Ká ní Bismillahi lo fín síbẹ̀ ì bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wàá máa gbé e wọ ṣálángá lójoojúmọ́.

Lẹ́tà agbára yẹn, 力, wò ó dáadáa. Ìlà kan yọ orí sókè. Tẹ́ni tó fín in ò bá jẹ́ kó yọrí, 刀 ló kọ, ọ̀bẹ nìyẹn. Ohun tó ò lè kà lo gbé sára títí ayé yìí, ọmọ mi.

Má fi ásíìdì tàbí irin gbígbóná bó o. Tí dókítà bá ní léésà, iná tí wọ́n fi ń pa tátù rẹ́, ò ní ṣe ẹ́ ní jàǹbá, tówó sì wà, lọ ṣe é, tí ò bá ṣeé ṣe, kábàámọ̀, tọrọ àforíjìn, pinnu pé o ò ní fín òmíì mọ́, kó o sì máa fi aṣọ bò ó. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yín tó bá wù láti ṣe ara lóge, làálì ń bẹ ní Sábó.

Gbogbo ìrun tó o fi sílẹ̀, san wọ́n padà, kó o kí Àílà dípò Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, wọ aṣọ alápá gígùn, kó o ti wà ní sáfù, lórí ìlà àwọn tó ń kírun, kí lèmọ́mù tó gun mìńbárì.