Òórùn Epo Ti Lọ, Ṣùgbọ́n Ṣé Ilẹ̀ Ti Mọ́?

Ìbéèrè: Dísù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù dà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Mo ra lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ní olú àti bakitéríà ló wà nínú rẹ̀, mo wọ́n ọn síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, òórùn náà ti lọ. Ṣé mo lè gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ báyìí?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má tíì gbìn ín. Ohun tí imú ń gbọ́ nínú dísù ni àwọn èròjà fẹ́ẹ́rẹ́ tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ máa ń gbé lọ. Wọn ì bá lọ bí ẹ kò tilẹ̀ wọ́n nǹkan kan. Òórùn tó lọ yìí ni àwọn tó ń ta lẹ́búlẹ́bú "ọjọ́ mẹ́wàá" fi ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Ó ń bí mi nínú, torí àwọn ọmọ ni yóò jẹ ẹ̀fọ́ náà.

Èyí tó léwu kì í rùn. Àwọn èròjà olórùka (átọ́ọ̀mù wọn so pọ̀ bí òrùka) tí à ń pè ní PAH ló kún inú ọ́ìlì àlòkù. Ọ̀kan nínú wọn, benzo[a]pyrene, ní òrùka márùn-ún, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Bakitéríà bíi Pseudomonas máa ń jẹ olórùka méjì tàbí mẹ́ta. Olórùka márùn-ún tóbi jù fún un, kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ pinpin. Ibẹ̀ ni olú tó ń jẹ igi ti wúlò. Ọ̀kan lára wọn, Pleurotus ostreatus, máa ń tu ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń fọ́ nǹkan (laccase wà lára wọn), jáde sí ìta ara rẹ̀ láti fọ́ lignin, ohun tó mú kí igi le. Ẹ́ńsáìmù yìí kì í ṣàṣàyàn, nítorí náà ó ń fọ́ òrùka náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n olú nìkan sábà máa ń dúró lágbede méjì: èròjà tó ṣẹ́kù lára òrùka tó fọ́, tí à ń pè ní quinone, lè yòrò nínú omi ju ti àkọ́kọ́ lọ, oró rẹ̀ sì lè pọ̀ jù ú. Bakitéríà ló ń parí iṣẹ́ náà, tí yóò fi di omi àti káábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáídì. Orí fọ́nrán olú, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí olú fi ń tàn ká inú ilẹ̀, ni wọ́n sì ń gbà kọjá ibi gbígbẹ tí wọn kò lè dá dé.

Lẹ́búlẹ́bú tí ẹ wọ́n sórí erùpẹ̀ lásán kò ní oúnjẹ. Bakitéríà ilẹ̀ ló sábà máa ń borí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí olú gba koríko gbígbẹ tàbí ṣùkù àgbàdo gígé tí ẹ ti fi omi gbígbóná pa kòkòrò rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, títí yóò fi funfun látòkè délẹ̀. Ẹ po ìwọ̀n 1 rẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ ìwọ̀n 4, lórí ọ̀rá nínípọn kí omi rẹ̀ má ṣàn lọ sínú kànga. Bí ẹ bá di erùpẹ̀ náà sọ́wọ́, kó ṣù pọ̀, kí omi má sì kán. Ẹ má máa rò ó lójoojúmọ́, fọ́nrán yóò já. Ẹ ṣọ́ ajílẹ̀ yúríà o: bó bá pọ̀ jù, olú lè dáwọ́ ẹ́ńsáìmù dúró.

Òjé àti cadmium, irin olóró méjì tó lè wà nínú ọ́ìlì àlòkù, kì í jẹrà rárá. Olú máa ń fa cadmium sára, nítorí náà ẹ má jẹ èyí tó bá hù níbẹ̀.

N kò rí ilẹ̀ yín, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ bu erùpẹ̀ níbi márùn-ún, láti òkè dé 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ pò ó pọ̀, kí láàbù yẹ PAH, àpapọ̀ epo àti òjé wò, ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi òkìtì kan sílẹ̀ láìtọ́jú kẹ́ ẹ lè fi wé e. Títí èsì yóò fi dé, ẹ bo ibẹ̀, kí àwọn ọmọdé má ṣeré níbẹ̀.