Mítà yẹn kì í ka kìlómítà: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ ra supermoto

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé, Adó ni iléèwé wa wà, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀. Ọ̀kadà ti sú mi, mo fẹ́ ní tèmi, supermoto, máṣínnì ẹlẹ́sẹ̀ gíga tó ń lo táyà ọ̀dà yẹn, ló sì wù mí. Ẹnìkan ní Èkó ń ta Husqvarna FS 450 tọ́kùnbọ̀ kan. 61 péré ló wà lójú mítà rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnì ìdíje ni, pé irú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Ṣé kí n san owó rẹ̀, irú táyà wo ló sì yẹ kí n fi sí i fún ojú ọ̀nà wa?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ táyà tì ná. Ẹ má san owó yẹn. Tí ẹ bá ti fún un ní àsansílẹ̀, ẹ gbà á padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò fojú rí máṣínnì náà, nítorí náà mi ò lè sọ pé ó ti bàjẹ́ tàbí pé kò tíì bàjẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ì báà jẹ́ tuntun látinú páálí.

Ẹ̀yin ni ẹni kẹrin tó bi mí ní irú ìbéèrè yìí láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, irọ́ kan náà ni wọ́n sì pa fún ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú ń bí mi sí i, nítorí owó oṣù ni ẹ fẹ́ fi rà á, kì í ṣe owó tí ẹ rí he.

61 tí ẹ rí yẹn kì í ṣe kìlómítà. Kì í sì í ṣe ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Wákàtí ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún pápá ìdíje kì í ka bí ó ti rìn jìnnà tó, iye wákàtí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ fi yí ló ń kà, gẹ́gẹ́ bí jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣe ń kà á, gẹ́gẹ́ bí katakata oko ṣe ń kà á. Tí ẹ bá dúró sójú kan ní Fàjúyì ní Adó tí ọkọ̀ dí ọ̀nà, tí ẹ kò sún ẹsẹ̀ kan síwájú, mítà yẹn ń kà lọ ni.

Kí wá ni wákàtí 61 túmọ̀ sí fún irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀? Ìwé tó ń bá ẹ̀rọ ìdíje 450 jáde láti iléeṣẹ́ máa ń ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 10 sí 15. Písítìnì, tí í ṣe irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, wọ́n á ní kí a yọ ọ́ kí a fi tuntun sí i láàárín wákàtí 50 sí 100, ó sinmi lé irú ẹ̀rọ náà àti bí ẹni tó ń gùn ún ṣe le tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, tíṣà ni yín. Ìdajì wákàtí láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó, ìdajì wákàtí àbọ̀: wákàtí kan lóòjọ́. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, wákàtí 15 ti pé, ọ́ìlì ti tó pààrọ̀. Láti 61 dé 100 ṣẹ́ ku wákàtí 39, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kí táàmù kan tó parí ní iléèwé yín, ẹ ó ti máa wá ẹni tó máa tú ẹ́ńjìnì. Lóòótọ́, tí ẹ bá rọra ń gùn ún, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìdíje ni wọ́n fi wọn wákàtí yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ bí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ṣe lo 61 àkọ́kọ́, ẹ kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ti yọ mítà náà rí.

Ọ̀rọ̀ tó ń kó àwọn èèyàn ṣìnà ni "ẹ́ńjìnì ìdíje". Wọ́n rò pé ohun tó lágbára jù náà ni yóò pẹ́ jù. Abẹ mú ju àdá lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ta ló ń fi abẹ ṣán oko kòkó? Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ìdíje ti gé gbogbo ohun tó ń mú ẹ́ńjìnì pẹ́ kúrò kí ó lè fúyẹ́, kí ó sì lè yí kíákíá. Písítìnì rẹ̀ kúrú, ó sì tín-ín-rín. Ọ́ìlì tó wọ inú rẹ̀ kò ju lítà kan àti díẹ̀ lọ, díẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ooru yẹn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní fáànù lẹ́yìn redíétọ̀, nítorí lórí pápá, afẹ́fẹ́ kì í dẹ́kun láti fẹ́ sí i. Níwájú Ọjà Ọba ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ wo ló fẹ́ fẹ́ sí i? Ọmọkùnrin kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Omi redíétọ̀ ti hó jáde lọ́nà, ó bu omi kànga sí i, ó tún ń gùn ún lọ. Nígbà tí a tú u, písítìnì ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Owó tí wọ́n sọ fún un pé yóò fi ra pátì ju owó tó fi ra máṣínnì náà lọ ní ìdajì. Ó tà á fún àwọn tó ń ra irin. Mo bá a sunkún lọ́kàn mi.

Kò tán síbẹ̀. FS 450 kì í bá iná iwájú jáde, kò ní jígí, kò ní fèrè, táyà tí wọ́n sì máa ń fi sí i láti iléeṣẹ́ kò ní ilà kankan lójú. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ó ń di ilẹ̀ mú bí àtè. Nínú òjò wa, bí ọṣẹ ni. Bí ẹ bá fi iná àti jígí kún un fúnra yín, bóyá ọ́fíìsì tó ń fúnni ní nọ́ńbà yóò gbà á tàbí kò ní gbà á, ọwọ́ wọn ló wà. Ẹ lọ bi wọ́n kí ẹ tó rà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ rà.

Mi ò bá yín wí pé supermoto wù yín o. Ó wu èmi náà. Ní ọdún 1979 ni wọ́n ṣe ìdíje kan ní Carlsbad, ní California, fún orí tẹlifísọ̀n, láti mọ ẹni tó mọ máṣínnì í gùn jù nínú àwọn tó ń gun ọ̀dà àti àwọn tó ń gun ilẹ̀. Wọ́n mú máṣínnì ilẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gíga, wọ́n fi táyà ọ̀dà sí i, báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó sókè, ẹ ń rí iwájú lórí ọkọ̀, ọwọ́ fẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ní àwọn kọ́nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kò sí ohun tó dùn tó o. Ṣùgbọ́n ìdílé méjì ni wọ́n: ti pápá àti ti ojú pópó. Wọ́n jọra bí ìbejì. Ọ̀nà tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni pé mo máa ń béèrè ìwé tó bá a wá: ṣé wákàtí ni wọ́n fi ka ìgbà ìtọ́jú rẹ̀, àbí kìlómítà? Tó bá jẹ́ wákàtí, ẹ padà sílé.

Nínú ti ojú pópó, èyí tí mo máa rà fún àbúrò mi ni Suzuki DR-Z400SM. Ó jáde ní 2005. Kábúrétọ̀ ló ń lò, jíà márùn-ún ló ní, táǹkì rẹ̀ ń gba lítà 10, kò sì sí kọ̀ǹpútà tí mẹkáníìkì wa kò lè bá sọ̀rọ̀. Kì í sáré bí ti ìdíje. Ó ń dé ilé. Àìsàn méjì ni a mọ̀ mọ́ ọn. Èkíní ni ohun tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnì le, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, ẹ ó máa gbọ́ kà-kà-kà lápá òkè. Èkejì ni àwọn nọ́ọ̀tì inú tó máa ń tú díẹ̀díẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ yóò ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò fi Loctite, gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, di wọ́n. Ẹ ṣe é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àga rẹ̀ ga, 890 mìlímítà, nítorí náà tí ẹ bá kúrú, ẹ kọ́kọ́ gun orí rẹ̀ wò.

Yamaha WR250X tó jáde ní 2008 dára púpọ̀. Ìwé rẹ̀ ní kí a tó ṣí fáàfù wò, yóò rìn tó kìlómítà 42,000. Ẹ fi ìyẹn wé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi wákàtí ka ìtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n táǹkì rẹ̀ kéré, lítà méje àti díẹ̀, epo tó dọ̀tí sì lè ba ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́. Ní ti KTM 690 SMC R, ẹ̀rọ ojú pópó gidi ni, kìlómítà 10,000 ni ìtọ́jú rẹ̀. Agbára rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tó ń kúrò lórí ọ̀kadà. Mi ò ní gbà yín níyànjú rẹ̀.

Ó wá ku táyà tí ẹ béèrè. Supermoto ojú pópó ń lo rímù íǹṣì 17 níwájú àti lẹ́yìn. Máṣínnì ilẹ̀ ń lo 21 níwájú. Rímù ńlá máa ń gun etí kòtò kọjá, rímù kékeré máa ń já sínú rẹ̀. Ẹ rí ọ̀nà wa. Tí ẹ kò bá lè rọra, rímù yóò tẹ̀ kí ọdún tó yí. Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kìlọ̀: Boxer náà ń lo 17, nítorí náà fọganáísà kan yóò sọ fún yín pé táyà Boxer yóò wọ̀ ọ́. Ẹ má gbà. Rímù DR-Z400SM fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́ta àbọ̀ níwájú, mẹ́rin àbọ̀ lẹ́yìn. Táyà Boxer tín-ín-rín, kò ní jókòó dáadáa lórí rẹ̀, ó lè bọ́ kúrò ní kọ́nà. 120/70 ni ti iwájú, 140/70 ni ti ẹ̀yìn. Tí ẹ kò bá rí i ní Adó, ẹ ránṣẹ́ sí Èkó, kí ẹ sì fi méjì pamọ́.

Ọ́ìlì ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì yóò máa yọ̀. Ẹ wo ara ike ọ́ìlì, kí ẹ rí JASO MA níbẹ̀, àmì ọ́ìlì máṣínnì nìyẹn.

Ẹ ka owó pátì mọ́ owó máṣínnì. Ṣéènì, páàdì bíréèkì, okùn kílọ́ọ̀ṣì àti fílítà: ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò fi dé àti iye tí wọ́n jẹ́, kí ẹ tó dúnàá-dúrà. Tí owó bá pin sí ara máṣínnì nìkan, ẹ ra máṣínnì ilẹ̀ kékeré tí pátì rẹ̀ wà ní ọjà wa, ẹ fi owó tó kù ra akoto tó dára. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, nọ́ńbà, láísẹ́nsì ẹlẹ́gbẹ́ A, akoto fún ẹ̀yin àti ẹni tó bá gun ẹ̀yìn yín: ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò ní bi yín bóyá ẹ ń lọ síléèwé.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wo òmíràn, ẹ mú mẹkáníìkì dání, ẹ sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì náà kí wọ́n tó tàn án. Tó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á ti tàn án sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ dágbére fún un, kí ẹ padà lọ́jọ́ kejì láìsọ fún un, kí ẹ lè gbọ́ bí yóò ṣe dún nígbà tí ara rẹ̀ tutù.