Ilé Ẹ̀gbọ́n Rẹ Kọ́ Lo Ń Gbé

Ìyá Ìbejì kọ̀wé láti Maryland. Ilé iṣẹ́ kan ní Texas ló ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé. Wọn ò yọ owó orí ìpínlẹ̀ kankan lórí owó oṣù rẹ̀ ní 2023 àti 2024, ìpínlẹ̀ Maryland sì ti wá kọ lẹ́tà sí i. Ó ní ṣé òun lè pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ kí wọ́n san gbèsè ọ̀hún.

Ìyá Ìbejì, gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí o sáré kọjá bí ẹni tó rí olówó gbèsè lọ́nà: “Adírẹ́sì ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Houston ni wọ́n ṣì ní lọ́wọ́.” Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ta ló fi adírẹ́sì yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn? O kó wá sí Bowie ní Maryland, o gba láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ náà, o fi àwọn ìbejì sí iléèwé ìjọba níbẹ̀, o sì jẹ́ kí àwọn tó ń san owó oṣù gbà pé Houston lo wà. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Kí ni wọn ì bá yọ? Ẹjọ́ wo lo fẹ́ pè?

Ìpínlẹ̀ tí o ń gbé ló ń gba owó orí lórí gbogbo owó tó ń wọlé fún ọ, ibi yòówù kí ọ̀gá rẹ wà. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ ní Maryland gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Comptroller, ọ́fíìsì tó ń gba owó orí ìpínlẹ̀ náà, kó sì máa yọ owó náà. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá yọ ọ́, ọrùn tìrẹ ni gbèsè náà ṣì wà.

O ní o rí i pé àpótí 15 sí 17, ti owó orí ìpínlẹ̀, ṣófo lórí W-2 rẹ, ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń sọ iye tí o gbà àti iye tí wọ́n yọ lọ́dún, o “rò pé ti ìjọba àpapọ̀ ti tó.” O ò rò bẹ́ẹ̀. O dákẹ́ nítorí pé owó tó ń wọ báńkì dùn. Irú lẹ́tà yìí ti sú mi: ẹlòmíràn á fi orúkọ sílẹ̀ sí Texas, ẹlòmíràn sí Florida, wọ́n á pè é ní ọgbọ́n. Nígbà tí ìwé owó orí ìjọba àpapọ̀ dé, ọwọ́ ara rẹ lo fi kọ Bowie sí i. IRS, tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, sì máa ń jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ rí ohun tó wà níbẹ̀.

Lórí 80,000 dọ́là tí o ń gbà lọ́dún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ èyí tí òfin dá sí, Maryland ń gba ìdá 4.75 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Prince George's County, ìjọba ìbílẹ̀ tí Bowie wà, gba ìdá 3.2 lé e. Ó ń lọ sí dọ́là mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, fún ọdún méjì, kí èlé àti owó ìtanràn tó dé. Bí o kò bá sì fi ìwé 502, ìwé owó orí ọdọọdún ti Maryland, ránṣẹ́, kò sí ọjọ́ tí yóò pẹ́ jù fún ìjọba láti bi ọ́ ní gbèsè yìí.

Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù, bí o kò tilẹ̀ kọ ọ́: pé bí wọ́n bá gbọ́ Maryland, wọ́n lè ní kí o máa lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tuntun nítorí ẹnì kan. Ó dùn mí fún ọ, nítorí àwọn ọmọ. Àmọ́ bí Comptroller bá kọ̀wé sí wọn, wọ́n á gbọ́ ná, ìwọ ni wọ́n á sì pè ní òpùrọ́. Fún wọn ní adírẹ́sì rẹ lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú ọjọ́ tí o kó wá gan-an, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ kún ìwé MW507, èyí tí wọ́n fi ń mọ iye owó orí Maryland tí wọn yóò yọ lórí owó oṣù rẹ. Wá ẹni tó mọ owó orí ìpínlẹ̀ méjì bá ọ kọ ti ọdún méjèèjì, kí o bẹ Comptroller pé o fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀. Má dúró de ìgbà tí owó bá pé kí o tó fi ìwé ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń kó lẹ́tà ilé iṣẹ́ rẹ jọ sínú àpò ìtajà, o ní ó “ń kùn díẹ̀.” Ó yẹ kó kùn. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ń gbé, irọ́ lo ti fi sí i lẹ́nu. Pè é lónìí, tọrọ àforíjì, kí o sì ní kó fi gbogbo lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí Bowie.