Ẹ Jẹ́ Kí Gbòǹgbò Kọ́kọ́ Jí: Ìbéèrè Yín Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù Nígbà Ìrúwé

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò nídìí pápá gọ́ọ̀fù oníhò mẹ́sàn-án tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí. Yìnyín ti yọ́, oòrùn ti ń ràn, koríko sì ti ń tutù yọ̀yọ̀ bọ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí n gé àwọn green, ibi tí koríko ti kúrú jù lọ yí ihò ká, wálẹ̀ kíá kí bọ́ọ̀lù lè máa yí dáadáa. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Òṣìṣẹ́ pápá tuntun

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn pé ọkàn rẹ ò balẹ̀. Gbé ẹ̀rọ ìgékoríko sílẹ̀ ná, mú ọ̀bẹ. Lọ sórí green tí oòrùn máa ń pẹ́ kó tó dé, kí o gé ilẹ̀ kékeré kan jáde níbẹ̀ bí ẹni gé ọṣẹ, kó fẹ̀ tó ìka méjì, kó jìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀, kí o wo gbòǹgbò. Èyí tó funfun, tó sì le bí òwú ìránṣọ tuntun, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Èyí tó ti pọ́n, tó ń já sí ọ lọ́wọ́, ti ọdún tó kọjá ni. Bí o ò bá tíì rí funfun púpọ̀, koríko yẹn ò tíì jí, bó ti wù kí ewé rẹ̀ lẹ́wà tó.

Lẹ́yìn náà, ti tẹmómítà bọ ilẹ̀ láràárọ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 10. Koríko ilẹ̀ òtútù, irú bentgrass, máa ń ta gbòǹgbò dáadáa nígbà tí ilẹ̀ bá wà láàárín ìwọ̀n 10 sí 18 lórí Celsius. Koríko Bermuda ní tirẹ̀, ooru ló fẹ́. Kì í jí gidi títí ilẹ̀ á fi tó nǹkan bí 18. Oòrùn ọjọ́ méjì ò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ sáré, torí ilẹ̀ kì í yára gbóná bí afẹ́fẹ́.

Mo ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn. Ọdún kẹta tí mo dé ẹnu iṣẹ́, ìdíje ń bọ̀, mo sì gé gbogbo green wálẹ̀ sí mílímítà 3 nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń yìn mí. Nígbà tí ooru mú, mo gé ilẹ̀ wò: gbòǹgbò tí mo rí ò gùn ju oríkèé ìka kan lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́, green kẹrin àti ìkeje sì gbẹ mọ́ mi lójú. Ọwọ́ ni mo fi ń bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ títí ooru fi lọ. Ewé ni koríko fi ń wá oúnjẹ. Bí o bá gé ewé jù, gbòǹgbò lebi máa kọ́kọ́ pa.

Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ láti bíi mílímítà 5, kí o máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìdajì mílímítà. Má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí abẹ tó kan koríko rárá, fi pépà tínrín sáàárín abẹ tó ń yí àti èyí tó dúró, wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí o rọra yí i. Ó gbọ́dọ̀ gé pépà náà bí àlùmọ́gàjí láti etí kan dé ìkejì. Bó bá fà á ya, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa fa ewé ya, orí ewé á funfun, àrùn á sì rí ojú ọgbẹ́ gbà wọlé.

Ní ti àwọn àgbà, rólà tó fúyẹ́, tí wọ́n ń yí lórí green kó lè tẹ́jú, ni kí o fi bẹ̀ wọ́n. Bọ́ọ̀lù á yí, ewé á sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé Stimpmeter, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yá tó lórí green, jáde pé green rẹ ò yá, rán wọn létí pé nígbà tí USGA, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kó irinṣẹ́ yẹn fún àwọn alábòójútó pápá ní 1978, torí kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn green wọn bára mu ni.

Nǹkan méjì kù. Ní òwúrọ̀ tí ìrì bá dì sórí koríko, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Omi inú ewé ti dì, ẹsẹ̀ á fọ́ ọ. Kò ní hàn lójú ẹsẹ̀; tó bá yá ni wàá rí ipa bàtà tò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní dúdú. Bí o bá sì fẹ́ dá omi padà sínú ọ̀pá ìbomirin, rọra ṣí i. Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀ látìgbà tí ẹ ti gbá omi jáde nítorí òtútù. Bí omi bá já wọlé lójijì, ìsopọ̀ ọ̀pá á bẹ́. Ṣí àwọn ẹnu ìfọ́nmi tó wà níbi gíga sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ rí ibi jáde.

Ìbéèrè: Lọ́dọọdún, bí green bá ṣe ń dùn ún gbá bọ́ọ̀lù sí báyìí ni wọ́n á lù ú ní ihò jálajàla, wọ́n á da iyanrìn bò ó. Ó ń dùn mí gan-an. Ṣé kò sí ìgbà mìíràn ni? — Àgbà ọmọ ẹgbẹ́

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí wọn. Gbogbo ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń gun orí rẹ̀ ló ń ki ilẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò náà ń mí. Òkú ewé àti gbòǹgbò tún ń ṣù jọ lábẹ́ koríko bíi tìmùtìmù, ó ń fa omi mọ́ra. Irin oníhò ni wọ́n fi ń fa ìdì ilẹ̀ tó tó ìka ọmọdé jáde, kí iyanrìn lè gba ipò rẹ̀. Mo máa ń mú ọ̀kan nínú ìdì wọ̀nyẹn, mo máa ń gbé e símú. Bó bá dúdú nínú, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ti tán níbẹ̀ nìyẹn, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi dúnàádúrà lórí ihò tí mo fẹ́ lu.

Ìgbà tí koríko bá ń hù kíkankíkan ni wọ́n ń lù ú, torí ara rẹ̀ ló máa dí ihò náà. Tí ojú ọjọ́ bá dáa, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni. Bí wọ́n bá lù ú kí koríko tó jí, ihò á ṣì wà nílẹ̀ fún ẹ̀yin náà láti máa bú. Iyanrìn náà kì í ṣe àṣà tuntun: Old Tom Morris, tó tọ́jú pápá St Andrews ní Scotland ní sẹ́ńtúrì 19, gbajúmọ̀ nítorí rẹ̀.

Ìbéèrè: Igi ńlá kan wà ní ìlà oòrùn green kejì wa. Àwọn kan ní ká gé e, àwọn kan ní ẹwà pápá ni. A tún fẹ́ gbin òdòdó yí green ká. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má gbin òdòdó sí etí green. Bọ́ọ̀lù á máa kó sínú rẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣí bọ́ọ̀lù ni kó wà.

Igi yẹn ṣe iyebíye, ẹ má kánjú. Ní òwúrọ̀ tí kò ṣú, ẹ máa ri èèkàn kékeré mọ́lẹ̀ ní wákàtí wákàtí síbi tí òjìji rẹ̀ dé. Oòrùn àárọ̀ ló ń gbẹ ìrì kúrò lára koríko kí àrùn tó jókòó. Bí òjìji bá ṣì bo green náà dọ̀sán, ẹ kọ́kọ́ gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀, kí ẹ tún èèkàn rì wò. Nígbà púpọ̀, ìyẹn náà ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ gbójú sókè kí ẹ tó tan ayùn. Ìgbà tí ẹyẹ ń kọ́ ìtẹ́ nìyí. Ẹ̀ka tí ẹ bá ti rí ìtẹ́ lórí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ títí àwọn ọmọ inú rẹ̀ á fi fò lọ.