Ẹni Tó Kọ Orin Mímọ́ Náà Ló Kọ Àwàdà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Mo ka ewì apanilẹ́rìn-ín kan nípa John Gilpin, ọkùnrin tí ẹṣin gbé sáré kọjá ibi tó ń lọ, mo sì rí i pé William Cowper ló kọ ọ́. Ṣé Cowper tó kọ orin mímọ́ “Ọ̀nà àrà l'Ọlọ́run ń gbà” náà ni? Bó bá jẹ́ òun ni, ṣé ó ti pa ìgbàgbọ́ tì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwàdà ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹnì kan náà ni, kò sì kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé Ọlọ́run ló kọ òun sílẹ̀. Ọdún 1731 ni wọ́n bí i ní Berkhamsted, ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ní 1763, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú un débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ ní St Albans. Ìlú Olney ni òun àti àlùfáà John Newton ti kọ àwọn orin tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1779, tí ti Cowper nínú wọn lé ní 60. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ti padà dé ní 1773, láti ìgbà náà ni kò sì ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ní 1782, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Lady Austen, rí i pé ọkàn rẹ̀ tún ti wúwo, ó sì sọ ìtàn Gilpin fún un. Wọ́n ní ẹ̀rín kò jẹ́ kí Cowper sùn lóru ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, ó ti ń sọ ìtàn náà di ewì.

Oníṣòwò aṣọ ni Gilpin ní Cheapside ní London, ó sì fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ jẹun ní Edmonton nítorí ó pé 20 ọdún tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Bó ṣe ń gun ẹṣin tó yá, ó rí oníbàárà mẹ́ta tí ń bọ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀, nítorí owó tó bá bọ́ sọnù yóò dùn ún ju àkókò lọ. Ó so ìgò wáìnì méjì mọ́ ìgbànú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì da aṣọ ìlékè pupa gígùn bò wọ́n. Nígbà tí ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í sáré àsápajúdé, fìlà àti wíìgì fò lọ, aṣọ pupa bá afẹ́fẹ́ lọ, ìgò fọ́, wáìnì sì ń ṣàn sójú ọ̀nà. Àwọn oníbodè rò pé eré ìdíje ló ń sá, wọ́n sì ń yára ṣílẹ̀kùn fún un. Ìyàwó rẹ̀ ń ké pè é láti òkè ilé ìtura ní Edmonton, ṣùgbọ́n ẹṣin kò dúró títí ó fi dé Ware, níbi tí ilé ẹni tó ni ẹṣin náà wà.

Cowper fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìgbà tí inú òun bàjẹ́ jù lọ ni òun kọ àwọn ìlà tó pani lẹ́rìn-ín jù lọ. Mo gbà á gbọ́, nítorí ìwọ̀n kan náà ló fi kọ méjèèjì. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìlà kìíní orin mímọ́ náà ní sílébù 8, ìkejì ní 6, ìkẹta ní 8, ìkẹrin ní 6. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Gilpin. Ẹni tó bá mọ ohùn orin náà lè fi kọ ìtàn Gilpin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ̀n orin ìtàn àtijọ́ ni, ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ń fi kọ Sáàmù tipẹ́ kí wọ́n tó bí Cowper.

Bí ẹ bá fẹ́ ka ẹ̀kẹta, ẹ wá èyí tó kọ ní 1799, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, nípa atukọ̀ tó já sínú òkun lóru tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè gbà là. Ìwọ̀n Gilpin ni ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ó wá fi ìlà onísílébù 8 méjì kún un.