Ṣánẹ́ẹ̀lì méjì, orúkọ kan: báwo la ṣe máa mọ tiwa?

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ẹnìkan ti ṣí ṣánẹ́ẹ̀lì míì, ó fi orúkọ àti àmì ẹgbẹ́ wa sí i, ó sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ará wa tó wà lókè òkun. Ọmọ mi ní ká kó lọ sórí Nostr, ìyẹn ètò ìkéde orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ kan, ká sì forúkọ sílẹ̀ lórí blockchain, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, pé kò ní sẹ́ni tó lè fara wé wa mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, akọ̀wé. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tán síbẹ̀.

Lórí Nostr, kò sí iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní àkáǹtì. Áàpù inú fóònù yín ló máa ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì, ìyẹn ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn méjì. Ti gbangba bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú npub1, lẹ́tà àti nọ́ńbà 63 ni lápapọ̀, òun gan-an sì ni ṣánẹ́ẹ̀lì yín. Ti àṣírí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nsec1. Nsec ló ń buwọ́ lu gbogbo ìkéde yín, áàpù ẹni tó ń kà á á wá fi npub yẹ̀ ẹ́ wò. Oníjìbìtì yẹn lè lẹ àwòrán yín mọ́ tiẹ̀, kò lè buwọ́ lùwé bíi yín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọ̀pọ̀ áàpù máa ń gé npub kúrú, ẹni tó bá sì ní sùúrù lè fi kọ̀ǹpútà wá kọ́kọ́rọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ bá tiyín mu. Odindi rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi wéra.

Ta ló fẹ́ há lẹ́tà 63 sórí? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá orúkọ tó rọrùn láti pè, tí kò sì sí lábẹ́ iléeṣẹ́ kankan. Ibẹ̀ ni blockchain tí ọmọ yín sọ ti wọlé: Namecoin, ètò ìforúkọsílẹ̀ orí blockchain, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2011 pẹ̀lú orúkọ tó ń parí sí .bit, ENS, irú ètò bẹ́ẹ̀ míì, tẹ̀ lé e lọ́dún 2017 pẹ̀lú .eth. Ẹ lè so npub yín mọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ọmọ ìlú ni. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ tiwa náà tún dá kún un: lójú kọ̀ǹpútà, “ẹgbẹ́” àti “egbe” kì í ṣe orúkọ kan náà, ẹni tó ń kánjú ò sì ní rí ìyàtọ̀ wọn.

Tó bá jẹ́ èmi ni, tí ẹgbẹ́ bá ti ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Fáìlì kékeré kan, nostr.json, tí wọ́n bá fi sínú fódà .well-known, á jẹ́ kí àwọn áàpù rí i pé wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà jẹ́rìí sí npub yín. Lóòótọ́, ẹni tó ń ta dómáìnì, ìyẹn orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ṣì ní agbára lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ti mọ ibẹ̀. Ẹ tún tẹ npub náà, pẹ̀lú àmì QR rẹ̀, sára rìsíìtì àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni nsec. Kò sí “mo gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù” níbẹ̀. Bí sáà yín bá parí, tí akọ̀wé tuntun sì gba iṣẹ́, kò sí bí a ṣe lè gba nsec kúrò lórí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Kí ìgbìmọ̀ tuntun ṣe kọ́kọ́rọ́ tiwọn, kẹ́ ẹ sì fi ti àtijọ́ kéde rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fipò sílẹ̀.

Ní ti èyí tó ń gbowó lọ́wọ́lọ́wọ́, Nostr ò lè pa á rẹ́. Ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni áàpù tó wà, kẹ́ ẹ sì mú nọ́ńbà àkáǹtì tó ń lò lọ bá báńkì lónìí.