Ojú Aago Lọ̀rọ̀ Wà: Aago Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀, Ṣé Ojúlówó Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Bàbá mi jáde láyé lọ́dún tó kọjá, aago ọwọ́ Omega kan ló sì kàn mí nínú ogún wọn. Wọ́n kọ Constellation sójú rẹ̀, kò sí ibi tó ń fi ọjọ́ oṣù hàn. Bàbá máa ń sọ pé London làwọn ti rà á ní 1966, nígbà tí àwọn ń kàwé níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì. Ẹnì kan tó ń ta aago l'Ékòó wò ó, ó ní ayédèrú ni, àmọ́ òun á ṣì bá mi rà á. Ẹlòmíràn ní kí n jẹ́ kí òun tún ojú rẹ̀ kùn, kí òun sì fi ẹ̀rọ họ ara rẹ̀ kó máa dán, pé ìgbà yẹn ló máa pa owó gidi. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni, èló ló sì tó? — Ọmọ Olóògbé, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ́yìndè o. Ọlọ́run yóò tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ojú aago yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n họ ara rẹ̀. Tó bá ti wà lọ́wọ́ wọn, ẹ lọ gbà á padà lónìí. Láti ọdún tí mo ti ń tún aago ṣe, nǹkan méjì yìí ni mo rí tó ń ba aago ogún jẹ́ jù, ìfẹ́ sì ni àwọn ọmọ fi ń ṣe é. Ní ti ẹni tó ní ayédèrú ni, tó tún fẹ́ rà á, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ayédèrú ṣe.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti aago àtijọ́ gan-an nìyẹn, torí ojú rẹ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ẹ wo Rolex Daytona tí wọ́n ń pe nọ́ńbà rẹ̀ ní 6239. Ilé-iṣẹ́ náà ṣe é ní oríṣi ojú méjì: ojú lásán, àti ojú aláràbarà kan tí àwọn oníbàárà kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí nígbà tó wà ní tuntun. Òṣèré Amẹ́ríkà nì, Paul Newman, lo èyí tó ní ojú aláràbarà, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé sì fi ń pe ojú náà títí dòní. Ẹ gbé méjèèjì síra wọn, ẹ́ńjìnnì kan náà, ara kan náà: èyí tó ní ojú Newman máa ń pa owó ju èkejì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Aago tí Newman fúnra rẹ̀ fi sọ́wọ́, tí ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wakọ̀, ni Phillips lù ní gbàǹjo ní New York ní oṣù October 2017. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 17 dọ́là.

Ó yá, ẹ gbé tiyín wá síbi fèrèsé láàárọ̀, nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Ẹ wá gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, irú èyí tí àwa aláago ń há sójú. Ọ̀pọ̀ Constellation ìgbà náà ni ojú wọn kò tẹ́ pẹrẹsẹ; àárín tẹ́, etí rẹ̀ wá ń rọ̀ sísàlẹ̀ ní igun méjìlá, bí ìgbà tí èèyàn dojú àwo dé. Ẹ wo àwọn igun yẹn. Bí wọ́n bá mú, tí ẹ rí ojú ìlà wọn kedere, ó dára. Bí wọ́n bá ti rí kìjìkìjì bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò, ọ̀dà ti gun orí ọ̀dà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwọn lẹ́tà. Lẹ́tà tó wá láti ilé-iṣẹ́ máa ń mú létí, dúdú rẹ̀ á sì dọ́gba láti òkè délẹ̀. Lẹ́tà ojú àtúnkùn máa ń wú, bíi tàdáwà tó ràn lórí ìwé tútù. Ẹ wá SWISS MADE ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ aago mẹ́fà. Àwọn tó ń kun ojú aago máa ń gbàgbé rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e sí ibi tí kò yẹ. Ẹ tún wo ìlà tínrín tó ń ka ìṣẹ́jú: níbi tí irin kékeré tó dúró fún wákàtí kọ̀ọ̀kan bá parí sí, àárín gbùngbùn irin náà ló yẹ kí ìlà yẹn kọjú sí.

Ibẹ̀ yẹn ni mo ti mú ti ọkùnrin kan tó gbé Constellation bàbá rẹ̀ wá fún mi. Ojú rẹ̀ funfun báláú, ó ń dán bí abọ́ tuntun. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti tún un ṣe kí òun tó gbé e wá tà. Mo há gíláàsì sójú, mo wo ibi aago mẹ́rin lójú rẹ̀: ìlà ìṣẹ́jú ti yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin wákàtí, kò ju ìwọ̀n irun orí kan lọ. Mo yọ ojú náà jáde. Létí rẹ̀, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé, àwọ̀ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, àwọ̀ wàrà tó dọ́gba tó sì rẹwà. Nígbà tí mo fi hàn án, kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà dá a padà fún un. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, pípọ́n tí ojú tiyín pọ́n kì í ṣe àìsàn. Bó bá pọ́n dọ́gba, àwọn tó ń kó aago jọ máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé omi ló wọlé, tó sì ní àbààwọ́n níbì kan, á dín owó rẹ̀ kù lóòótọ́, síbẹ̀ mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n kùn ún lọ.

Ẹ yí i padà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fín ilé ìwòràwọ̀ kan sí i, ìràwọ̀ mẹ́jọ sì wà lójú ọ̀run rẹ̀. Bí òrùlé ilé náà àti àwọn ìràwọ̀ bá ṣì yọ dáadáa, ẹ̀rọ kò tíì họ ọ́ púpọ̀. Kókó tí a fi ń yí i máa ń ní igun mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀ sí olóbìírí, kì í ṣe ẹ̀sùn ńlá, ó kàn ń dín owó kù díẹ̀ ni.

Ṣíṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má dán an wò nílé. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ aláago tó máa ṣí i lójú yín. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n bí bàbà, kí òkúta kéékèèké inú rẹ̀, tí àwọn irin rẹ̀ ń yí lé lórí, sì jẹ́ 24. Nínú ìdérí ẹ̀yìn, nọ́ńbà tí mo ń retí fún èyí tí kò ní ọjọ́ láti àárín ọdún 1960 síwájú ni 167.005, ẹ́ńjìnnì tó sì bá a lọ ni 551. Èyí tó ní ọjọ́ ni 168.005, tí ẹ́ńjìnnì 561 sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí aago tiyín kò bá ní ojú ọjọ́, tí ẹ sì bá 561 nínú rẹ̀, ẹnì kan ti pààrọ̀ nǹkan. Nọ́ńbà gígùn kan tún wà lára ẹ́ńjìnnì náà. Ní nǹkan bí 1963, nọ́ńbà Omega ti dé mílíọ̀nù 20. Ní nǹkan bí 1967, wọ́n ti wà ní mílíọ̀nù 25. Aago tí wọ́n rà ní 1966 gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín ibẹ̀ tàbí kó dín díẹ̀, torí aago lè pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó tà á. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù 30 ó lé ni ẹ rí, ẹ́ńjìnnì yẹn kọ́ ni bàbá rà.

Bó bá jẹ́ wúrà, ẹ wá àmì kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Ní Swítsáláńdì nígbà náà, orí obìnrin ni àmì wúrà káràtì 18, ọ̀kẹ́rẹ́ sì ni ti 14. Bó bá jẹ́ irin ni wọ́n fi wúrà bò, ẹ wo igun ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí okùn ti so mọ́ ọn: ibẹ̀ ni funfun irin máa ń kọ́kọ́ yọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ nọ́ńbà ni pé ìbéèrè tòótọ́ ju "Ṣé Omega ni?" lọ. Ní oṣù November 2021, Phillips lu Omega Speedmaster kan ní gbàǹjo ní Geneva, àwòṣe CK2915-1. Wọ́n ti fojú bù ú pé kò ní ju 120,000 owó Swítsáláńdì lọ, ó sì pa ju mílíọ̀nù mẹ́ta. Omega fúnra wọn ló rà á fún mùsíọ́mù wọn. Ní 2023 ni ilé-iṣẹ́ náà wá sọ pé ẹ̀yà ara aago oríṣiríṣi ni wọ́n tò pọ̀ ṣe é, pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn àtijọ́ kan sì mọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara náà jẹ́ ojúlówó Omega. Wọn ò kàn jọ jáde láti ilé-iṣẹ́ ni. Ohun tí ẹ̀yin ní tí àwọn tó rà á ní Geneva kò ní ni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni tiyín wà láti 1966. Ẹ tú àpótí bàbá wò. Rìsíìtì, páálí rẹ̀, àní fọ́tò bàbá ní London níbi tí aago náà ti yọ lọ́wọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ ló ní iye.

Ní ti owó, n kò ní tàn yín: Constellation onírin kò ṣọ̀wọ́n, wọ́n ṣe é púpọ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ kò tíì rí ọ̀dà sábà máa ń pa nǹkan bí ẹgbẹ̀rún dọ́là kan, nígbà míì kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníwúrà gidi ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Bó bá jẹ́ ojú àtúnkùn, èmi kì í san ju ìdajì. Ẹ má wo iye tí àwọn èèyàn ń pè é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye tí wọ́n tà á gan-an ni kí ẹ wò, irú èyí tí Phillips, Christie's àti Sotheby's máa ń gbé jáde lẹ́yìn gbàǹjo, kí ẹ sì fi 167.005 wé 167.005, irin wé irin.

Kó tó dìgbà náà, ẹ má yí i, ẹ má sì mì í láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Òróró inú rẹ̀ lè ti gbẹ, irin á sì máa jẹ irin. Bí aláago bá ti ṣí i, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta yẹn sílẹ̀, ti ìdérí, ti irú ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà gígùn ara rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀ lójú ọ̀sán, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èmi yóò sọ iye tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà kó dín sí.